Bọ́ọ̀sì Asese àti Láísẹ́ǹsì Tí Kò Tó O

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mẹ́ta nínú wa lọ wo bọ́ọ̀sì àlòkù kan tí wọ́n fẹ́ tà ní Asese, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láàárín Ibafo àti Mowe. Ẹni tó ni ín ti yọ ọ̀pọ̀ àga inú rẹ̀, ó sì ti to bẹ́ẹ̀dì méjì, sítóòfù àti táǹkì omi síbẹ̀. Ilé ni, ọkọ̀ sì ni. Èrò wa ni pé ẹgbẹ́ eré wa yóò máa gbé e láti ìlú dé ìlú, a ó sì máa sùn sínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ti dá owó díẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè mẹkáníìkì tó bá wa lọ ni kò jẹ́ kí a sanwó: "Láísẹ́ǹsì ta ni yóò gbé e?" Ẹnì kan nínú wa yọ tirẹ̀ jáde. Lẹ́tà B ló wà lára rẹ̀. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ sílé.

A lọ sílé lóòótọ́, a sì lọ ka ìtàn.

Gbogbo wa la ti kọ́ nípa alárìnjò ní kíláàsì: àwọn òṣèré tó jáde láti inú eégún, tí wọ́n ń rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n ní láísẹ́ǹsì. Nígbà tí mọ́tò dé, ìrìn àjò òṣèré yí padà. Hubert Ògúndé, tó bẹ̀rẹ̀ eré ṣíṣe ní Èkó ní 1944, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì gbé wọn ká Nàìjíríà, títí dé Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí. Inú ọkọ̀ ni aṣọ eré, ìlù, ìyàwó àti ọmọ wà. Ọ̀nà náà sì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1970, Clementina, ìyàwó rẹ̀ tó tún jẹ́ òṣèré pàtàkì nínú ẹgbẹ́ náà, kú nínú ìjàǹbá mọ́tò. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ló fà á. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó bá kó òṣèré sínú ọkọ̀, ẹ̀mí ló kó.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1965, Wọlé Ṣóyínká ti gbé eré The Road jáde. Ẹ̀yin tí ẹ kà á yóò rántí Professor, ẹni tó ń ṣe ayédèrú láísẹ́ǹsì fún àwọn awakọ̀, àti Salubi, tó ti ní aṣọ dírẹ́bà ṣùgbọ́n tí kò ní láísẹ́ǹsì. A máa ń rẹ́rìn-ín sí Salubi nígbà tí à ń kà á. Ní Asese, àwa gan-an ni Salubi: a ti ní orúkọ tí a ó kùn sára bọ́ọ̀sì, a kò ní ẹni tí òfin gbà láyè láti wà á.

Ṣóyínká kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ìtàgé. Ní 1977, nígbà tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1978, wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, bíi kìlómítà 127, èyí tó gba Asese kọjá. Ọ̀nà náà mú kí ìrìn àjò yá, ó sì mú kí tirélà àti ọkọ̀ kékeré máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Lẹ́tà ara láísẹ́ǹsì wa dá lórí irú ọkọ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. A wà fún ọ̀kadà. B wà fún ọkọ̀ tí kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta, tí kì í ṣe takisí tàbí bọ́ọ̀sì èrò. C gba takisí mọ́ ọn, àmọ́ kò kọjá tọ́ọ̀nù mẹ́ta náà. D àti E ló gba ọkọ̀ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. E nìkan ló gba ọkọ̀ akérò mọ́ ọn. G ni ti tirélà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀dì, omi àti sítóòfù kò sọ bọ́ọ̀sì di ọkọ̀ kékeré. Wọ́n tún ń dá kún ìwọ̀n rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlú Ọba náà, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kékeré níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1997 sábà máa ń ní àyè láti wa ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 7,500. Ẹni tó gbà á láti ọjọ́ yẹn kò gbọdọ̀ kọjá 3,500 tó bá jẹ́ ọkọ̀ elépo, àfi tó bá ṣe ìdánwò mìíràn. Ọ̀pọ̀ ilé alágbèérìn tó tóbi ló ju 3,500 lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, oṣù 12 péré ló lè fi wa ọkọ̀ kékeré. Ìwọ̀n ọkọ̀ àtẹrù rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ìwọ̀n òfìfo. Bí láísẹ́ǹsì kò bá gba ọkọ̀ náà, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

A kò tíì ra bọ́ọ̀sì Asese. Ẹnì kan nínú wa ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, yóò sì ṣe ìdánwò níwájú àwọn VIO kó tó béèrè fún lẹ́tà tó yẹ. Bí bọ́ọ̀sì náà bá ti lọ kó tó parí, òmíràn yóò wà. Owó tí ẹ dá ṣì wà ní báńkì. Àwọn alárìnjò fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àwa náà lè wọkọ̀ èrò lọ ṣeré títí dìgbà náà.