Ìdánwò Ifẹ̀: Èdè Wo Ni Sáyẹ́ǹsì Ń Gbọ́?

Bí a bá gbé àmù kan síwájú olùkọ́ mẹ́rin, ìbéèrè mẹ́rin ni yóò jáde. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yóò béèrè ohun tí ó mú omi inú rẹ̀ tutù. Ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, bí a ṣe sun ún tí kò fi là. Ti ìṣirò, iye omi tí ó gbà. Ti iṣẹ́ ọnà, èrò amọ̀kòkò tí ó fín in lára. Àmù kan náà ni. Ìbéèrè ni ó yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, tí kì í ṣe ti àwọn ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn: èdè. Tẹ́lẹ̀, Yorùbá ni ìlànà ní kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ó bá di ọdún kẹrin nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì a gba sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, Yorùbá a sì di ẹ̀kọ́ kan láàárín ọ̀pọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ọ̀nà mìíràn wò ní ilé ìwé St. Stephen's 'A', Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ní olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ìwé tí wọn yóò lò, àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ wọ́n.

Ìṣòro ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba lédè Yorùbá. Pé omi tí ń yọ lára àmù ń gbẹ, tí ó sì ń kó ooru lọ, kò ṣòroó sọ. Ohun tí ojú kò rí, irú átọ́ọ̀mù, ni a ní láti wá orúkọ fún. Ti ìṣirò tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó pe 46 ní mẹ́rìndínláàádọ́ta ti yọ 4 kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ 10 nínú rẹ̀. Ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta. Ọgbọ́n ńlá nìyí lẹ́nu ọmọ ọdún méje! Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́rin tí etí rẹ̀ gbọ́ kì í ṣe 4 tí ojú rẹ̀ rí lára pátákó, ẹẹ́fà kò sì sí nínú orúkọ náà rárá.

Síbẹ̀, ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1989 jábọ̀ pé àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fagi lé e, ó ní èsì ìdánwò kò dára níbi tí a ti ń lò ó. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún tí a fọwọ́ sí ìlànà náà kò tíì dé kíláàsì kẹfà nígbà náà.