Duke ti Aveiro: ilé tí wọ́n wó, tí wọ́n fọ́n iyọ̀ sí

Inú ìtàn Bìní la ti kọ́kọ́ pàdé orúkọ yìí. Ẹni tó bá ti kà nípa bí àwọn Potogí ṣe dé ààfin Ọba Bìní ní nǹkan bí ọdún 1486 á ti rí orúkọ João Afonso de Aveiro. A rò pé ọmọ ìdílé ọlọ́lá kan ni, àfi ìgbà tí a wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Aveiro tó wà lára orúkọ rẹ̀, ìlú kan ni lápá àríwá Pọ́túgà, nítòsí òkun. Oyè Duke ti Aveiro kò tíì sí rárá nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí ọkùnrin yìí dé Bìní, João Kejì, òun gan-an ni baba ńlá àwọn tó wá jẹ oyè ọ̀hún. Bí a ṣe wọnú ìtàn ìdílé wọn nìyẹn, a ò sì lè fi sílẹ̀ mọ́.

Afonso nìkan ni ọmọkùnrin tó dàgbà nínú ọmọ tí olorì Leonor bí fún João Kejì. Ní 1491, Afonso ṣubú lórí ẹṣin, ó sì kú. Ọba ní ọmọkùnrin mìíràn tó bí níta, Jorge, tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Ana de Mendonça. Ó fẹ́ kí Jorge jọba lẹ́yìn òun, ó sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n olorì kọ̀ jálẹ̀. Ta ló fẹ́ bá a wí? Ọmọ tirẹ̀ kú, wọ́n tún ní kí ó fọwọ́ sí i pé kí ọmọ obìnrin mìíràn gorí ìtẹ́. Nígbà tí ọba wàjà ní 1495, Manuel, àbúrò olorì, ló jọba.

Wọ́n fi ilẹ̀, owó àti oyè tu Jorge nínú. Ó di Duke ti Coimbra ní 1500. Orúkọ tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ ni Lencastre, èyí tí wọ́n mú láti ara Philippa, ọmọ ilé Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ aya Ọba João Kìíní. Orúkọ yẹn nìkan tó oríkì: ẹ̀jẹ̀ ọba ni wá, bí ẹ ò tilẹ̀ fún wa ládé. João, ọmọ Jorge, ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ Duke ti Aveiro, nígbà ayé Ọba João Kẹta, ọmọ Manuel.

Duke kejì bá Ọba Sebastião lọ sógun Mòrókò, wọ́n sì jọ kú síbẹ̀ ní August 4, 1578. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, Raimundo, sá lọ bá Sípéènì nígbà tí Pọ́túgà ń bá Sípéènì jà, ni wọ́n bá pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Maria de Guadalupe, àbúrò rẹ̀ obìnrin, obìnrin tó kàwé gan-an, fi ọ̀pọ̀ ọdún ja ìjà oyè náà láti Madrid. Gabriel, ọmọ rẹ̀, kú ní 1745 láìbímọ. Ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀, José de Mascarenhas, Marquis ti Gouveia, ló sì jáwé olúborí. Òun ni Duke kẹjọ. Kò sẹ́ni tó jẹ oyè náà bí oyè mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní alẹ́ September 3, 1758, wọ́n yìnbọn lu kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan lẹ́bàá Lisbon. Ọba José Kìíní ló wà nínú rẹ̀. Kò ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tó sì ń lọ ní ìgboro ni pé ilé àlè ló ti ń bọ̀, lọ́dọ̀ Teresa, ìyàwó ọ̀dọ́ Marquis kan nínú ìdílé Távora. Ìbọn bà á ní apá, ṣùgbọ́n kò kú. Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó sọ òótọ́ fún aráàlú. Ní December, wọ́n kó Duke ti Aveiro àti àwọn Távora, tí wọ́n jẹ́ àna rẹ̀.

Sebastião José de Carvalho e Melo, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Marquis ti Pombal, ló wà nídìí ẹjọ́ yìí. Agbára rẹ̀ ti ga láti ìgbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ 1755 ti wó Lisbon, àwọn ọlọ́lá àtijọ́ kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n fìyà jẹ Duke náà títí ó fi jẹ́wọ́. Ní January 12, 1759 ni ìdájọ́ jáde. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n pa wọ́n ní Belém. Leonor, Marchioness ti Távora, ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ́ lórí. Wọ́n pa ọkọ rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn méjì. Èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lógún ọdún ni, ẹgbẹ́ wa. Wọ́n fi irin fọ́ egungun Duke ti Aveiro láàyè. Wọ́n sun òkú wọn, wọ́n da eérú rẹ̀ sínú odò Tejo. Teresa ní tirẹ̀ kò kú. Ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn ni wọ́n fi í sí.

Àwa tó ń kọ́ oríkì orílẹ̀ ní kíláàsì, ohun tó tẹ̀ lé ikú yẹn ló bà wá lẹ́rù jù. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ Távora mọ́. Wọ́n ha àmì ìdílé wọn kúrò lára òrùlé yàrá àmì ìdílé ní ààfin Sintra, yàrá tí Manuel, ẹni tó gba ipò tí Jorge ì bá wà, ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 1759 kan náà ni wọ́n sọ Aveiro di ìlú ńlá, wọ́n sì ní kí ó máa jẹ́ Nova Bragança, torí orúkọ Aveiro ti di orúkọ ọ̀dàlẹ̀. Orúkọ tuntun náà kò mọ́ aráàlú lẹ́nu. Aveiro ló ṣì ń jẹ́ títí dòní.

Ṣé Duke náà jẹ̀bi? Ọ̀rọ̀ yìí pín wa sí méjì. Ìbọn dún lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ọba sì ṣàn. Àwọn kan nínú àwọn òpìtàn ní Pedro Teixeira, ìránṣẹ́ ọba tó wà nínú kẹ̀kẹ́ kan náà, ni Duke ń wá, pé ìjà wà láàárín wọn. Nígbà tí Ọbabìnrin Maria gorí ìtẹ́ ní 1777, ó lé Pombal kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì tú ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Martinho, ọmọ Duke, wà lára wọn. Ọ̀dọ́ ló wọ ẹ̀wọ̀n, àgbà ló jáde. Ní 1781, àwọn adájọ́ tuntun ní àwọn Távora kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọn ò dá Duke ti Aveiro láre, agbẹjọ́rò ìjọba sì ta ko ìdájọ́ náà, kò fìdí múlẹ̀ délẹ̀. Ní tiwa, ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà lẹ́nu èèyàn kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀daràn ì báà jẹ́ ẹni náà. Ọ̀kan nínú wa kò gbà, ó ní àánú ń ṣe wá jù.

Wọ́n wó ààfin Duke náà ní Belém, wọ́n fọ́n iyọ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀ kí ohunkóhun má baà hù níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì ri òpó òkúta kan mọ́ ibẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára òpó náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀ láéláé. Òpó náà ṣì wà. Inú ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Beco do Chão Salgado, ọ̀nà Ilẹ̀ Oníyọ̀, ló dúró sí, nítòsí ṣọ́ọ̀bù tí àwọn àlejò ti ń tò láti ra pastéis de Belém. Ilé ló yí i ká.