Owó Ìṣọ́ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Òmù-Àrán ti gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́: kí n kọ lẹ́tà tí a ó fi tọrọ owó ìrànwọ́, kí a lè ra kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò fún àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀kan yóò wà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, ọ̀kan lójú ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́. Wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ nípa nọ́ńbà, torí ọ́fíìsì ìwé mọ́tò ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òní ni Ìgbómìnà ti ń wá ẹni tí yóò ṣọ́ ẹnubodè, kì í sì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò bọ́ aṣọ́nà náà ti ń dá wàhálà sílẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, oníbodè ló ń ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ kí kámẹ́rà yìí ṣe. Ìlú tó bá mọ odi ní ẹnubodè, ẹnì kan a sì jókòó tì í látàárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó mọ ọmọ ìlú, ó mọ alájàpá tó ń ti Ìlọrin bọ̀, ó mọ ẹni tó gbé ẹrù jáde lánàá tí kò tíì padà wọlé. Ẹrù ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó gba owó ẹyọ. Nínú owó yẹn ló ti ń jẹ, ìyókù a sì lọ sọ́dọ̀ ọba tàbí ìjòyè tó ni bodè. Mi ò ní purọ́ pé gbogbo wọn ló jẹ́ olóòótọ́. Ẹni tó ń jẹun nídìí bodè yóò mọ ẹrù tó yẹ kí ojú òun fò dá.

Ti ajẹ́lẹ̀ tún yàtọ̀. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú wọn, sí àwọn ìlú Ìgbómìnà, Ìlọrin náà sì fi tiwọn. Ìlú tí ajẹ́lẹ̀ bá wà ló ń bọ́ ọ, tòun ti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rán an níṣẹ́ ló ń jábọ̀ fún. Ìwà ìrẹ́jẹ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tó dá ogun Kírìjì sílẹ̀ ní 1878, tí Ìgbómìnà fi dara pọ̀ mọ́ Èkìtì Parapọ̀ láti bá Ìbàdàn jà. Ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ yìí ni mo ń rò nípàdé nígbà tí alága wa ń sọ pé kí la fẹ́ bi olówó, ká ṣáà gba owó rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, wọ́n kó wa sábẹ́ Ìlọrin ní ẹkùn Àríwá. Ọlọ́pàá N.A., ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà (Native Authority), ló wá gba iṣẹ́ ìṣọ́, owó orí wa ni wọ́n sì fi ń san owó oṣù wọn. Wọ́n máa ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà oko pé kó mú ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ wá. Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan. Bó bá ti rí fìlà wọn lókèèrè, á bọ́ sílẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́ náà lọ bí ẹni pé táyà ló jò. Kò sí ẹni tó ń fi ìwé yẹn wá olè. Owó ni wọ́n ń fi wá. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba 1966 ni wọ́n ká ọlọ́pàá N.A. kúrò nílẹ̀, tí wọ́n pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀, òfin ọdún 1999 tí a ń lò lónìí ṣì fi ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bárò sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Bíi ti ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọ̀dọ̀ òyìnbó ni nọ́ńbà mọ́tò ti wá. Ìlú Paris ti ní tiwọn láti 1893. Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní January 1904. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní May 1967, West Central ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kó tó di Kwara, KW sì ni a wá ń rí lára mọ́tò wa. Ní 1988 ni wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀. Àjọ yìí ló mú nọ́ńbà ọlọ́kan-ò-jọ̀kan kúrò ní 1992, tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń lo irú kan náà, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011. Láti 1992 yẹn, lẹ́tà mẹ́ta ló ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí nọ́ńbà ti jáde: MUN ni ti Ìrẹ́pọ̀dùn, èyí tí olú rẹ̀ jẹ́ Òmù-Àrán níbí, FFA ni Ọ̀fà, WSN sì ni Ìsin, tí olú tiwọn wà ní Òwù-Ìsin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí mọ́tò bá dé, a kì í kàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu onímọ́tò gbọ́. A ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, a ó fi aṣọ nu eruku àti gíríìsì kúrò lórí nọ́ńbà ṣásíì, a ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, a ó sì máa fi pẹ́ńsù ra á lọ ra á bọ̀ títí nọ́ńbà yóò fi jáde funfun nínú dúdú. Bébà yẹn ni a ó lẹ̀ mọ́ fáìlì. Ọ̀pọ̀ fáìlì ni ikán jẹ. Mo sì ti rí MUN lára mọ́tò tí kò tẹ táyà rẹ̀ mọ́ Òmù-Àrán rí: ẹni tó wà ní Èkó rán èèyàn wá gbà á, ó tà á, ẹni tó rà á kò sì yí orúkọ padà.

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìwádìí ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà ti wá, ní 1976. Ẹ̀rọ náà kò mọ olè. Yóò ka lẹ́tà, yóò sì fi wé orúkọ tó wà nínú ìwé. Bí ikán bá ti jẹ ìwé, kí ni yóò fi wé?

Síbẹ̀, mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ, Ẹ̀sìẹ́ sì ni. Ère òkúta tó lé ní 800 ló wà níbẹ̀. Ọdún 1933 ni òyìnbó Ramshaw, tó ń bẹ ilé ìwé ìjọ C.M.S. wò, ròyìn wọn fáyé gbọ́. Ní 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ dé, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láàárín àwọn ọdún 1990, olè jí orí ère kó níbẹ̀. Ẹni tó ń kó òkúta kò ní fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó ní mọ́tò tó gba ojú títì wa kọjá lóru ọjọ́ náà.

Ní ti owó, ẹ wo Àbújá. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ $470 mílíọ̀nù fún iléeṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà. Kámẹ́rà 1,000 fún Àbújá, 1,000 fún Èkó. Báńkì Ṣáínà ló yá wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Òpó dúró, kámẹ́rà sì dákẹ́, gbèsè nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó gba ọ̀nà mìíràn ní 2007: wọ́n fi òfin dá àpò owó ààbò sílẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ń dá owó sí i, wọ́n sì ń fi ra mọ́tò àti epo fún ọlọ́pàá. Epo ni kí ẹ wò níbẹ̀. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ náà ṣe òfin tiwọn, pé kí ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọ àpò ìjọba máa lọ fún ọlọ́pàá.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gbà pé kámẹ́rà nìkan ti tó. Mo rán wọn létí Èrúkù, tí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 2025, kámẹ́rà ṣọ́ọ̀ṣì C.A.C. ibẹ̀ ń gbé ìsìn jáde lọ́wọ́ nígbà tí àwọn agbébọn wọlé. Gbogbo ayé ló rí wọn bí wọ́n ṣe ń ṣa báàgì àwọn olùjọ́sìn. Kámẹ́rà rí wọn, wọ́n sì kó èèyàn 38 wọ igbó lọ. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó ń ti inú igbó bọ̀ kì í so nọ́ńbà mọ́ra. Ní Òkè-Òde, ní ìpínlẹ̀ wa bákan náà, ní September ọdún yẹn, àwọn fijilanté ìlú ló wà níwájú nígbà tí ìbọn dún, wọ́n sì kú síbẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n kọ owó àwọn ọdẹ wa sínú lẹ́tà náà ṣáájú owó ẹ̀rọ: bàtà, tọ́ọ̀ṣì, owó oṣù, àti owó fún ìdílé bí ẹnì kan bá bá iṣẹ́ náà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ sólà àti bátìrì, nítorí iná NEPA ń ṣe ségesège. Kámẹ́rà ló gbẹ̀yìn.

Alága fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ojú ìwé kejì. Níbẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ mọ́tò tí kò ní ẹ̀sùn rẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ààfin tàbí sí ọ́fíìsì olóṣèlú. Mo tọ́ka sí òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023. Ó ní olówó kò ní fẹ́ràn ìyẹn, pé yóò dà bí ẹni pé a kò fọkàn tán ọlọ́pàá. Mo bi í pé oníbodè wo ni ìlú yìí fọkàn tán rí láìbi í ní ìbéèrè. A ti sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ojú ìwé kejì sì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe kọ ọ́.