Wáyà Etí Oníròyìn

Àwọn baba wa mọ orúkọ sọ: asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pe rédíò. Orúkọ náà bá a mu. Àpótí Rediffusion tó dé Èkó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939, wáyà ló ń gbé ohùn wá bá a nínú ilé. Ó ń sọ, à ń gbọ́, ó parí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ta ni yóò wá sọ fún ẹni tí gbogbo ayé ń wò pé àkókò ti tó? Nínú ilé iṣẹ́, àmì ọwọ́ lè tó. Bó bá wà níta, àfi wáyà etí.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ká ní oníròyìn dúró létí ìsédò Aṣẹ̀jirẹ lórí odò Ọ̀ṣun, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba sátẹ́láìtì kọjá. Sátẹ́láìtì ga tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà. Kí ohùn tó gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti tó ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Bí wọ́n bá dá ohùn tirẹ̀ padà sí i létí, ahọ́n rẹ̀ á lọ́. Nítorí náà, ohùn gbogbo èèyàn ni ẹnjiníà ń fi ránṣẹ́ sí i, àfi tirẹ̀. Bó bá sì ṣi ojú wáyà mú, àṣírí ọ̀gá inú ilé á di ohun tí aráàlú ń gbọ́.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi oníròyìn tó dákẹ́ lójijì ṣe yẹ̀yẹ́, pé kò mọṣẹ́. Ẹ rọra o. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì báyìí; ẹni tó so wáyà ló mọ èyí tó gbọ́.