Ilé Àgùdà àti Atẹ́gùn ní Àjàṣẹ́

Kí àwọn Àgùdà tó padà dé, àgbàlá ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ yàrá agbo ilé wa. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bàhíà lọ́dún 1835, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti dòmìnira wọkọ̀ òkun padà sí etíkun wa. A lé àwọn mìíràn wá. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà inú wọn kọ́ ilé alájà sí Àjàṣẹ́. Fèrèsé wọn ga. Pákó pẹlẹbẹ tí a tò sí i ń gba atẹ́gùn wọlé, ó sì ń dá oòrùn dúró.

Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ti ń wó. A kọ́ yàrá sìmẹ́ńtì rọ́pò wọn, a dí i pa, a wá ń fi owó iná ra atẹ́gùn tí àwọn baba wa ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń tún ilé Àgùdà ṣe, kó má dí fèrèsé rẹ̀.