Ìbọn àti Àdúrà l'Abẹ́òkúta, 1849 sí 1867

Ẹni tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi rí mọ ìtàn Pétérù nínú ọgbà. Ó fa idà yọ, ó gé etí ẹrú olórí àlùfáà, Jésù sì ní kó dá idà náà padà sínú àkọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tó kọ́kọ́ di onígbàgbọ́ náà ti gbọ́ ìtàn yìí. Kí wá ni wọ́n ṣe nígbà tí wàhálà kan ilẹ̀kùn tiwọn?

Lọ́dún 1849, wọ́n gbàdúrà. Inú ń bí àwọn Ògbóni àtàwọn babaláwo sí ẹ̀sìn tuntun yìí. Wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́, wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ kò gbé ohun ìjà.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Gezo, ọba Dahomey, dé ẹ̀yìn odi, àwọn jagunjagun obìnrin tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn onígbàgbọ́ gbé ìbọn, wọ́n sì dúró ti àwọn ará ìlú tó fìyà jẹ wọ́n. Kódà Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà tó ti ṣe sójà rí, gba àwọn olórí ogun nímọ̀ràn. Dahomey sá.

Ṣé wọ́n ṣẹ̀? Ẹ jẹ́ ká rántí pé Àjàyí Crowther wà nílùú nígbà náà. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn, l'Abẹ́òkúta yìí kan náà. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń tẹ̀lé e bí odi bá wó. Èmi ò lè na ìka sí wọn.

Àmọ́ ìbọn tó wọ ìjọ kò tètè jáde. Àwọn onígbàgbọ́ ní Balógun tiwọn, John Okenla.

Ibi tó rú mi lójú jù ni Ìfọ́lé, oṣù Kẹwàá ọdún 1867. Nítorí ìjà Ẹ̀gbá pẹ̀lú Glover l'Ékòó, wọ́n kó ilé ìjọsìn lẹ́rù, wọ́n lé àwọn òyìnbó. Ìbọn wà nílé o, wọ́n sì mọ̀ ọ́n yìn. Síbẹ̀, ńṣe ni ọ̀pọ̀ di ẹrù wọn, wọ́n gba Ẹ̀búté-Mẹ́tta lọ. Àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ ló fà á. Lójú tèmi, kì í ṣe ìgbàgbọ́ nìkan. Àjèjì ni Dahomey. Àwọn tó fọ́ ilé ìjọsìn, ẹ̀gbọ́n wọn ni, àna wọn ni. Ta ni wọ́n fẹ́ yìnbọn fún?

Ní ìjọ tiwa nílé, Balógun Ìjọ ṣì wà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, owó ìkórè ló sì máa ń lé kiri.