Maria Merian àti Ọgbà Labalábá ní Suriname

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí labalábá máa wá sí ọgbà rẹ̀ ní láti mọ̀ pé òdòdó nìkan kò tó. Omi dídùn inú òdòdó ni labalábá ń mu, ṣùgbọ́n ewé ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ, kì í sì í ṣe ewé gbogbo. Labalábá dúdú tí ó ní àmì ìyeyè a máa yé ẹyin sára ewé ọsàn. Kòkòrò tí ó ń ti inú ẹyin náà jáde a sì dàbí ìgbẹ́ ẹyẹ. Ẹni tí ó bá fi oògùn pa kòkòrò yìí ti pa labalábá.

Maria Sibylla Merian wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi àwòrán ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké. Ìlú Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1647. Láti ọmọ ọdún 13 ni ó ti ń sin kòkòrò tí ń pọ òwú sẹ́dà. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti inú ẹrẹ̀ àti ohun jíjẹrà ni kòkòrò ti ń wá. Merian ní tirẹ̀ ń fún wọn ní ewé jẹ, ó sì ń ṣọ́ wọn títí wọn yóò fi hu ìyẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1679, ó ya kòkòrò àti labalábá pọ̀ mọ́ ewéko tí ó ń bọ́ wọn.

Ní ọdún 1699, nígbà tí ó di ẹni ọdún 52, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ Dorothea wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí àwọn ará Holland ń ṣàkóso. Àwọn olóko ìrèké fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń wá ohun tí kì í ṣe ṣúgà. Ó dá ọgbà sílé, ó sì ń kó ewéko igbó wá síbẹ̀. Ta ni ó ń la igbó náà? Ta ni ó ń hú gbòǹgbò? Àwọn ẹrú adúláwọ̀ àti àwọn ọmọ onílẹ̀ ni. Kò yẹ kí a bo èyí mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń yin Merian.

Àwọn kan náà ni ó kọ́ ọ ní ìlò ewé. Lára ohun tí ó yà ni òdòdó pupa òun ìyeyè tí ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ń gbìn fún ẹwà, èyí tí a mọ̀ sí Pride of Barbados. Ó ya àfòpiná ńlá kan tì í. Ní abẹ́ àwòrán tí ó rẹwà báyìí ni ó kọ ọ́ sí pé àwọn obìnrin ẹrú ń fi hóró rẹ̀ ṣẹ́ oyún, kí ọmọ wọn má baà di ẹrú. Ó ní ẹnu wọn ni òun ti gbọ́ ọ. Ó fi kún un pé àwọn tí wọ́n kó wá láti Guinea àti Angola a máa pa ara wọn, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé ilẹ̀ àwọn ni àwọn yóò tún wáyé sí, láàárín àwọn ènìyàn wọn, ní òmìnira. Ìgbàgbọ́ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí ń jẹ́ Babátúndé.

Àìsàn ni ó lé Merian padà sílé ní ọdún 1701. Ìwé Suriname jáde ní ọdún 1705 pẹ̀lú àwòrán 60. Obìnrin onílẹ̀ kan bá a wọ ọkọ̀ lọ sí Amsterdam, ó sì ràn án lọ́wọ́ nípa àwọn ewéko náà. Merian kò kọ orúkọ obìnrin náà sínú ìwé rẹ̀.